Ọwọ́ Àna Tó Ń Gbọ̀n

Láti àárọ̀ ni Kiwuuwa ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tí kò sí lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kadà bá kọjá lẹ́yìn oko kọfí, yóò gbé orí sókè. Bí ewúrẹ́ bá fara nu ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn, yóò rò pé èèyàn ló dé. Ọdún mẹ́ta ni Nabbosa ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Oman, tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òní ló sì ní òun ń bọ̀. Ọkọ̀ òfurufú á balẹ̀ sí Entebbe ní ìdájí, ọ̀sán á bá a nílé. Ọ̀sán ti pọ́n, agogo méjì ti kọjá, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé.

Nínú àwọn olùtọ́jú ilé ìwòsàn náà, òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ti lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé òdìkejì odò. Kiwuuwa jókòó, ó ń wá ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀, ohùn tó máa ń ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó nípọn, tó lọ́ra. Ohùn inú fóònù nìkan ló ń rí rántí, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń já láàárín ọ̀rọ̀. Ti orí ìrọ̀rí ti sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lóòótọ́, ó sáré jáde. Kì í ṣe Nabbosa. Ìyá Nabbosa, Nakiwala, ló wà láàárín, orí rẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mukwaya, ẹ̀gbọ́n ìyá náà, gbá a mú láti ẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ Kiwuuwa dúró síbi tó wà. Ọdún mẹ́fà tó ti fẹ́ ọmọ obìnrin yìí, kò rí ojú rẹ̀ tán rí. Èèwọ̀ ni nílẹ̀ wọn kí ọkọ ọmọ àti ìyá ìyàwó fara kanra: bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á yà sínú igbó kí èkejì tó kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, ẹlòmíràn ní ń bá wọn gbé e.

"Ẹ kúrò lọ́nà, àna wa," Mukwaya sọ. "Kì í ṣe ẹ̀yin la wá bá. Nọ́ọ̀sì la wá bá."

"Nọ́ọ̀sì ò sí, bàbá."

"Ta ló wá wà?"

"Èmi náà ni."

Ọlọ́kadà wo àwọn méjèèjì. "Ẹ bá mi sọ ìyá kalẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀ ìdílé yín. Ọ̀kadà ni mo gùn wá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì."

Ọlọ́kadà àti Mukwaya tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì. Ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n bí ewé. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pè é. "Kúrò lórí ẹ̀wà mi," ó ní. "Aláìnítìjú. Àní o tẹ ẹ̀wà mi mọ́lẹ̀."

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀," Mukwaya sọ. "Ọjọ́ Jímọ̀ tẹ́ ẹ lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ṣé ẹ ò fara gbún un lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná? Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Àna tó bá fara kan àna, ìwárìrì ní ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún wá fọwọ́ kàn án báyìí, kíkú ló máa kú."

Kiwuuwa kò lè jiyàn. Èjìká wọn gbúnra lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí ó sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ó kàwé, ṣùgbọ́n ohun téèyàn bá mu mọ́ ọmú kì í tètè jáde lára. Bí ìyá yìí bá sì kú sí i lọ́wọ́ lónìí, kí ni yóò sọ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà? Nabbosa á ti ọdún mẹ́ta dé, yóò bá òkú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ó dúró lókèèrè, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún. Òógùn ti rin aṣọ ìyá náà gbingbin, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tutù. Arúgbó kan wà lábúlé wọn, Walusimbi, tí gbogbo èèyàn ní ìwárìrì àna ń ṣe, ó ti ń gbọ̀n láti ọdún mẹ́wàá. Ó ń jẹun, ó ń tàkúrọ̀sọ, kì í làágùn, kì í pe alààyè ní òkú. Ìwárìrì yìí kì í ṣe ti Walusimbi.

"Bàbá, ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ wọn láàárọ̀?"

"Ó gbà á. Bó bá ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátókè kaná ló máa ń gbà á."

"Wọ́n wá jẹun?"

Mukwaya ronú díẹ̀. "Oúnjẹ ṣì wà lórí iná. Ó ní òun àti ọmọ òun ló máa jọ jẹ ẹ́."

Kiwuuwa kò tíì dáhùn tí ojú ìyá náà fi yí sókè, tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí gìrì sì gbé e. Mukwaya ti ń ki ọ̀pá rẹ̀ sí i lẹ́nu.

"Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ wọ́n lẹ́nu."

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára àna rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí rẹ̀ kó má baà máa lu pákó. Mukwaya kọjú sí ògiri, kí wọ́n má baà pè é ní ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí gìrì náà rọlẹ̀, Kiwuuwa gún un níka. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó dín ní mẹ́rin, ẹ̀rọ ní kò tó méjì: abẹ́rẹ́ ti fà á wálẹ̀, kò sì sí oúnjẹ tó gbé e sókè. Ó wá iṣan lápá rẹ̀, ó pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń fa omi ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù ju kó dúró lọ. Ibẹ̀ ló ti rí ojú náà tán. Iwájú orí Nabbosa nìyẹn, àti ìpéǹpéjú òsì tó máa ń sọ̀ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé Oman ti sọ ìyàwó rẹ̀ di arúgbó, ó sì ti dá a padà fún un láìsọ.

"Ta ló dì mí lọ́wọ́ mú?"

Ohùn náà nípọn, ó lọ́ra, oorun ṣì wà nínú rẹ̀. Ohùn tó ti ń wá láti àárọ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ "èmi ni," bó ṣe máa ń jẹ́ nílé.

Ìyá náà mọ ẹni tí í ṣe. Ó fa gèlè bo ojú. Kiwuuwa dìde, ó ta aṣọ sí àárín wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ìyá náà sọ lẹ́yìn aṣọ, "bá mi bi í bóyá ó ti gbọ́."

"Gbọ́ kí ni?" Mukwaya béèrè.

"Nabbosa pè mí ní agogo mẹ́wàá. Kò wọ ọkọ̀. Obìnrin tó ń bá ṣiṣẹ́ ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò lè sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó ní kí n bá òun sọ ọ́. Èmi náà, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún àna mi? Mo jókòó ti ìkòkò, mi ò lè jẹ ẹ́."

Mukwaya yíjú sí Kiwuuwa. "Ó ní Nabbosa—"

"Mo gbọ́, bàbá."

Ọ̀kadà kan kọjá lẹ́yìn oko kọfí. Kiwuuwa kò gbé orí sókè.

Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé agbára omi ṣúgà yìí ò ní pẹ́ tán lára. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun."

"Kò wù mí jẹ," ni ohùn tó wà lẹ́yìn aṣọ wí.

"Ó ní kò wu òun."

"Mo gbọ́."

"Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ra yín, kí ni mò ń ṣe láàárín yín?" Mukwaya jókòó sílẹ̀.

Wọ́n fún ìyá náà ní tíì tó dùn kíkankíkan. Ọlọ́kadà lọ sílé ìyá náà, ó sì gbé oúnjẹ tó sè de ọmọ rẹ̀ dé, mátókè àti adìyẹ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì ń gbóná. Mukwaya pín in sí abọ́ méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan aṣọ náà.

"Ẹ sọ fún wọn," Kiwuuwa ní, "pé èmi náà ò tíì jẹun láti àárọ̀. Bí wọ́n bá bu òkèlè kan, èmi náà á bu ọ̀kan."

Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ìró ewé tí ń ṣí. Òun náà bu òkèlè.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, àna wa," Mukwaya sọ jẹ́jẹ́.

"Ebi ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa bá yín sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Èyíkéyìí."

Ìyá náà ti gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òjò ọdún yìí ṣe ba ẹ̀wà jẹ́. Kiwuuwa di ojú, ó ń jẹun, ó ń gbọ́ ohùn náà.