Ààwẹ̀ Tó Gun Òkè

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ pé ènìyàn kan fẹ́ lọ sùn sórí òkè, àdúrà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ta ni yóò fi ilé tó gbóná sílẹ̀, tí yóò lọ sùn láàárín àpáta, bí kò bá ní ẹjọ́ tó fẹ́ bá Ọlọ́run rò? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi Olúfúnmilọ́lá ṣẹ̀sín, ẹni tí gbogbo àwọn ará wa ní Tyrrelstown, ní Dublin, ń pè ní Màmá Gbèmí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó ní, "Mam, ṣé ẹ máa bá mi lọ sórí òkè? A máa sun ibẹ̀ mọ́jú," obìnrin náà ju ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe pé, "Halelúyà!"

Gẹ̀ẹ́sì ni Àdúràgbèmí sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì Dublin tó máa ń sáré lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń fi í dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dún létí ìyá náà la ó máa sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí etí ìyá ló gbà á.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Gbèmí nìkan ni Màmá Gbèmí bí, ẹ̀yìn ló sì fi pọ̀n ọ́n wọ Ireland. Bàbá ọmọ náà ti kú. Ọmọ ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti fún un níṣẹ́ ní Ọsirélíà, níbi tí ìdajì àwọn tí wọ́n jọ kàwé ti kó lọ. Ọjọ́ Túsìdé ni bàálù rẹ̀ yóò gbéra. Màmá Gbèmí ò sọ pé kó má lọ o. Ó ra àpótí fún un, ó jó níwájú ìjọ nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ń tẹ̀ síwájú. Àmọ́ tó bá ti ku òun nìkan, á kúnlẹ̀, á bẹ Ọlọ́run pé kó dí ọ̀nà náà.

Ó wá bọ́ sí àsìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó wà nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Mulhuddart, ń gba ààwẹ̀ ọdún tuntun. Pásítọ̀ Oyèbánjí ti kéde pé ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá le kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu, kó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí òkè bó bá rí òkè. Níbo la ti fẹ́ rí òkè ní Mulhuddart? Àfi bí òkè ṣe fúnra rẹ̀ wá bá Màmá Gbèmí ní kíṣìnì. Lójú ẹsẹ̀ ló bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú: láti òwúrọ̀ Sátidé tí wọn yóò gòkè títí di alẹ́ Mọ́ńdè, ìyẹn alẹ́ tó ṣáájú bàálù Gbèmí, nǹkan kan ò ní kọjá ọ̀fun òun.

Gbèmí ò mọ nǹkan kan nípa èyí. Tirẹ̀ ni pé kí ìyá òun fojú rí ohun tí òun ń lọ wò lórí òkè ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kí òun tó lọ.

Bàbá Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Fergal, olórí ẹgbẹ́ àwọn agunkè tí Gbèmí wà, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè ní Wicklow. Àwọn yòókù tó yẹ kó wá ti gbọ́ pé yìnyín ń bọ̀, oníkálukú sì jókòó sílé rẹ̀. Fergal gbójú sókè wo ọ̀run, ó ní, "It'll be grand," pé gbogbo rẹ̀ á dáa. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ireland mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbára lé. Wọ́n ń sọ ọ́ sí oúnjẹ tó dùn, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí ẹsẹ̀ tó kán.

Màmá Gbèmí wọ kóòtù méjì léra wọn, ó di ìborùn sábẹ́ fìlà onírun, ó ń kọrin ẹ̀mí bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ. Gbèmí fún un ní búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Ó ní, "Ó dáa, màá jẹ ẹ́ tó bá yá," ó sọ ọ́ sínú báàgì. Wọ́n fún un ní ṣokoléètì, ó tún lọ sínú báàgì. Omi ńkọ́? Ó kàn gbé ìgò kan ètè ni. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà yẹn ò bá Màmá Gbèmí pàdé.

Ahéré tí wọ́n fẹ́ sùn sí kò ju yàrá kan lọ: ògiri òkúta, òrùlé páànù, ibùsùn pákó tí wọ́n tò lórí ara wọn, àti sítóòfù onírin kan tí wọ́n ń ki igi bọ̀. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Màmá Gbèmí yí ojú ká.

"Níbo ni àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà?"

"Mam, wọn kì í gbàdúrà níbí. Wọ́n kàn ń rìn ni."

"Wọ́n ń rìn lọ síbo?"

"Wọ́n á gòkè. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀."

Màmá Gbèmí wo Fergal, ó wo ọmọ rẹ̀, àánú àwọn méjèèjì sì ṣe é. Ìyà tí kò lérè nínú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run wà lórí gbogbo òkè, yálà wọ́n pè é tàbí wọn ò pè é.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Kò sí ariwo bíi ti òjò, ó kàn ń bọ̀ ṣáá ni. Nígbà tí wọ́n jí ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ti gun ilẹ̀kùn dé ìdajì, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá ò sì sí mọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tí ahéré náà ní funfun báláú. Ó wá dà bíi pé wọ́n da aṣọ bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Màmá Gbèmí ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò mira. Ó rìn dé ògiri kan, ó rìn padà dé ìkejì, kò sì gbà á ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ.

Fergal àti Gbèmí gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n lọ ń gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá rí i pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, orí ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohùn ṣì wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Olúwa, mo rí ọwọ́ rẹ! O ti dí ọ̀nà orí òkè yìí. Bí o ṣe dí i, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o dí ọ̀nà Ọsirélíà! Kí bàálù yẹn gbéra láìsí Àdúràgbèmí nínú rẹ̀! Kí wọ́n fi iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn! Ilẹ̀kùn tó fẹ́ mú ọmọ mi lọ, tì gbọin-gbọin!"

Ilẹ̀kùn ahéré ló ṣí. Gbèmí dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, yìnyín ti bo fìlà rẹ̀.

"Ọ̀nà ta ni ẹ ní kí Ọlọ́run dí?"

Màmá Gbèmí rò pé òun ṣì lè yọ́ ọ̀rọ̀ náà gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìjìnlẹ̀ àdúrà ni. Kò lè yé ẹ."

"Ó yé mi. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ló máa ń yé mi. Ẹ̀yin lẹ ra àpótí fún mi! Ẹ̀yin lẹ ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Kí ni kí n ṣe nígbà yẹn? Kí n máa sunkún lójú gbogbo ayé?" Inú bí ìyá náà gidi, nítorí ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ kì í rí ọ̀nà mìíràn gbà ju kó bínú lọ. "Ìlú tí ilẹ̀ ti parí lo fẹ́ lọ. Bí mo bá ṣubú nínú ilé yẹn, ta ló máa gbé mi? Ìwọ nìkan ni mo ní. Mo kàn fẹ́ kí o dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, Gbèmí, ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú sí i, ṣùgbọ́n òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú gbì.

Nígbà tó lajú, orí ibùsùn pákó ló wà. Gbèmí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fa awọ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ń wo ahọ́n rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí báàgì ìyá rẹ̀ láti mú omi, ni ó bá rí gbogbo ẹrù ibẹ̀: búrẹ́dì, ṣokoléètì, èso, ìgò omi tó kún dé ẹnu.

"Mam. Ìgbà wo lẹ mu omi kẹ́yìn?"

"Alẹ́ Fúráìdé." Nígbà tó ti rí bẹ́ẹ̀, ó jẹ́wọ́ ìyókù. "Ààwẹ̀ ni. Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run dé alẹ́ Mọ́ńdè."

Gbèmí fi ọwọ́ bo ojú. Ó bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ ọn, ó gbé omi sí i lẹ́nu. Ìyá pa ètè pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo. Ìlérí ni ìlérí.

Fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ahéré náà, àfi kí ènìyàn rìn dé ẹ̀yìn àpáta kan. Fergal ti lọ síbẹ̀, ó sì ti padà dé. Kò sọ pé nǹkan kan grand lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ojú ọjọ́ yóò là díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àgbẹ̀ kan yóò sì fi katakata dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yìnyín mìíràn ń bọ̀. Ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ rìn ni kó tẹ̀lé òun. Ẹni tí kò bá lè rìn yóò dúró de àwọn tó ń dóòlà ènìyàn lórí òkè, ọwọ́ àwọn yẹn sì ti kún. Ó lè di Wẹ́sìdé.

"Tí ẹ ò bá jẹ nǹkan nísinsìnyí," Gbèmí ní, "ẹ ò ní lè rìn lọ́la."

Màmá Gbèmí kọjú sí ògiri.

Ọmọ náà jókòó tì í. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ó dáa. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí Fergal fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, màá tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn àpáta, màá pe àwọn ará Ọsirélíà pé mi ò wá mọ́."

Ó dìde, ó lọ dúró sí ojú fèrèsé.

Ọlọ́run ti dáhùn nìyẹn. Màmá Gbèmí dùbúlẹ̀, ó ń retí ayọ̀. Ó retí retí, kò rí i. Gbèmí fi ọwọ́ kóòtù nu ojú gíláàsì, ó wo ìta. Gíláàsì tún funfun padà, ó tún nù ún.

Ìyá náà mọ ìdúró yẹn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ìjọba kó àwọn tó ń wá ìsádi sí ni wọ́n fi í sí, yàrá kan, òun àti ọmọ. Wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó dáná. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń pọ̀n ọ́n, ó ń dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà, ó ń retí ìwé tí ẹnìkan níbì kan kò tíì fọwọ́ sí. Kò rí ojú ẹni náà rí, ṣùgbọ́n ó kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè irú ọkàn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní, tó mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ nínú àhámọ́, tó sì lè sùn. Òun náà rèé tó dùbúlẹ̀ lórí pákó yìí, tó pa ẹnu dé.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn: kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ. Títí di ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kò fẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sùn, pé tó bá jí, ohun gbogbo á ti bùṣe.

Gbèmí ti ń fa bàtà wọ̀. Fergal ti di ilẹ̀kùn mú.

"Gbèmí."

"Mam?"

"Kí ló wà nínú ìkòkò orí sítóòfù yẹn?"

Ẹ̀wà agolo ni, ẹ̀wà onítòmátì tí wọ́n fi ṣúgà sí, èyí tí Màmá Gbèmí ti ń bú láti ọjọ́ tó ti dé Ireland. Ó ní ẹni tó fi ṣúgà sẹ́wà lè ṣe ohunkóhun.

"Bù ú wá."

Ọmọ náà ti wọ bàtà kan, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jù ú sílẹ̀, ó sáré wá. Omi ló kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀wà. Màmá Gbèmí gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Olúwa, má bínú," ó sì jẹun. Ó ń jẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Gbèmí ò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èyí tó sọ tẹ̀ lé e. Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e sílẹ̀, ahọ́n Dublin ń dí i lọ́wọ́.

"Màámi. Tí ẹ bá jẹun, ẹ máa lè rìn. Tí ẹ bá rìn, mo máa lọ o. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ abọ́ náà títí kò fi ku nǹkan kan, ó wá nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Bù sí i," ló wí.