Ẹni Tí Agogo Ò Pè

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà Ìdí-Ìrókò pa, tí wọ́n tún ní kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà má ta epo mọ́, àìsàn ò bá wọn ti ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹni tí àìsàn bá kì mọ́lẹ̀ ní Ìdógò, ọsibítù Ìlaròó ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìdí nìyí tí Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi kó àwọn ọlọ́kadà jọ sídìí igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, tó pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Gbémilọ. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Ó so irin táyà kan mọ́ ẹ̀ka igi náà kó máa jẹ́ agogo wọn. Tó bá ti lù ú, tó ké pé, "Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ jáde o," kí irin tó dákẹ́, ọ̀kadà á ti dé.

Èèyàn dáadáa ni Màmá. Ó yẹ ká tètè sọ ìyẹn, nítorí ohun tó ń bọ̀ níwájú.

Àúdù wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ ló ti òdìkejì bọ́dà wá gba oko ro kí wọ́n tó bí i. Ìdógò ni wọ́n bí Àúdù sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé. Kò fojú kan Kútọnu rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ Àúdù Kútọnu ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó dùn ún.

Ọjọ́ tí irin kọ́kọ́ dún lẹ́yìn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, òun ló kọ́kọ́ dé. Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Àúdù, dúró ná, ọkọ mi. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni mo pè. Tí àwọn sójà ojú ọ̀nà bá lọ gbọ́ pé ọmọ òdìkejì ni ẹ́, wọ́n á ní fàyàwọ́ lò ń ṣe, wọ́n á dá aláìsàn dúró. Tí iṣẹ́ tìẹ bá dé, a ó ránṣẹ́ sí ẹ."

Lójú Màmá, ààbò ló fi ń bo ọmọ yẹn. Àúdù ní, "Ó dáa, Màmá," ó yí ọ̀kadà padà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbálẹ̀ ìdí máńgòrò, òun ló ń pọn omi, òun ló ń kó gọ́tà. Nípàdé, Màmá á ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, Àúdù náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Àṣìkẹ́. Ọmọ àbúrò Màmá ni, Màmá ló tọ́ ọ dàgbà, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ku díẹ̀ kó pé. Ọkọ rẹ̀ há sí òdìkejì bọ́dà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní Ìlaròó, ní báyìí.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí n kú," ni Àṣìkẹ́ wí.

Màmá sáré lu irin. "Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ jáde o."

Ọ̀kadà kankan ò dún. Oyèwọlé fẹsẹ̀ rìn dé, Fágbénró náà fẹsẹ̀ rìn dé, táńkì àwọn méjèèjì ti gbẹ. Àwọn yòókù ti lọ tò fún epo ní Ìlaròó láti ìdájí. Màmá tún lu irin. Qúdrát, akọ̀wé ẹgbẹ́, sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pe Àúdù. Ilé ẹ̀ ò jìnnà."

"Tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ò bá ní epo, níbo ni àlejò ti fẹ́ rí i?" Màmá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà; bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe jáde. "Ẹ lọ gbé bárò wá."

Wọ́n tẹ́ aṣọ sínú bárò, wọ́n gbé Àṣìkẹ́ lé e, wọ́n ń tì í lọ sí títì, bóyá ọkọ̀ kan á kọjá. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Àṣìkẹ́ ń dáhùn, ó ń dáhùn, ó wá dákẹ́. Nítòsí ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni Fágbénró ti dá bárò dúró.

Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ọyẹ́ sì ti mú kí ilẹ̀ le koko. Màmá sọ láìronú pé, "Ẹ ránṣẹ́ pe Àúdù."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró ọ̀kadà. Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Àúdù dé, ó so ọkọ́ àti ṣọ́bìrì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Màmá dìde, ó rìn lọ bá ọ̀kadà náà, ó ṣí táńkì, ó wo inú rẹ̀. Epo fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un dé ẹnu.

"Ìgbà wo lo ra èyí?"

"Láti ìjẹta, Màmá. Mo lọ tò fún un ní Ìlaròó. Mo ní kó wà nílẹ̀ de iṣẹ́ ẹgbẹ́."

"O wà nílé lánàá?"

"Mo wà nílé."

"O ò gbọ́ irin?"

"Mo gbọ́. Mo ti gbé ọ̀kadà síta. Mo wá gbọ́ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ̀ ń pè, mo bá tì í wọlé padà. Mo ń retí kí ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Inú bí Màmá sí i. Ó fẹ́ bi í pé ọmọ wo ló ń gbọ́ igbe tí kò ní jáde. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ó rántí èjìká tó gbé ọwọ́ lé lọ́jọ́sí, ìbéèrè náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Àúdù tú okùn ọkọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ ti ránṣẹ́ sí mi, mo ti dé. Ibo ni kí n gbẹ́?"