Ojú Ìgbọ̀nwọ́ Létí Fèrèsé

Pẹ́ńtà àkọ́kọ́ fẹ́ fi sánpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ilé màmá àgbà kan ní gbígbẹ. Màmá lé e jáde: "Òjé wà nínú ọ̀dà yìí. O ò ní da eruku májèlé sí ọmọ-ọmọ mi nímú níṣojú mi."

Èkejì tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó ń wọ́n omi sí ọ̀dà kó tó ha á. Ó wá kan etí fèrèsé tí olóògbé ọkọ màmá máa ń fìgbọ̀nwọ́ tì, tó bá ń retí kí màmá ti ibi iṣẹ́ dé.

Màmá ní, "Jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi wọ́n omi síbí."

Ó rọra wọ́n omi sí i, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Nígbà tí ọ̀dà ṣí tán, ojú ìgbọ̀nwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì jin sínú pákó. Màmá gbé tirẹ̀ lé e, ó ń wo títì. Ẹni tí òun náà ń retí kò lè gba títì bọ̀ mọ́.