Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Lọ́wọ́ Opó

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ara fún físà Amẹ́ríkà, oúnjẹ kọ̀ lọ́nà ọ̀fun mi. Kì í ṣe pé ilé ìwòsàn ní kí n má jẹun. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà dáàlì wà níwájú mi, èéfín ń yọ lórí rẹ̀, èmi kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ẹrù ẹlẹ́rù. Ama, ìyá ọkọ mi, ti wọ aṣọ funfun opó wọn, wọ́n ti kó gbogbo ìwé mi sínú báàgì, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a háyà ní Kalanki, ní olú ìlú wa.

"Ìyàwó, ṣé o máa jẹ ẹ́ ni, àbí ò ń retí kó kí ẹ?"

"Mo ti yó, Ama."

"Kí lo jẹ tó o fi yó? Atẹ́gùn?"

Mo bo àwo náà, a jáde.

Keshab ọkọ mi jẹ lọ́tìrì físà, ó sì ti wà ní Amẹ́ríkà kí n tó mọ̀ ọ́n rárá. Nígbà tó wálé wá gbéyàwó, èmi ni wọ́n bá a fẹ́. A ò tíì gbé pọ̀ tó oṣù kan tí ìsinmi rẹ̀ fi tán. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí, inú fóònù ni mo ti ń ṣe ìyàwó. Bó bá ti ṣíwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ilé epo tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Tẹ́ksáàsì, á pè. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ama ńkọ́?" "Wọ́n wà." Ó parí. Bí a ṣe ń kí ara wa níbí nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń retí èsì gidi.

Mi ò kórìíra rẹ̀. Mi ò sì lè búra pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ara mi ti kú sí ọ̀rọ̀ náà, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ ṣe máa ń kú. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, nílé wa ní Nuwakot, ikọ́ ife mú mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Bàbá mi ló ń lọ gbà á wá láti ìlú kejì. Ìyá mi sọ fún gbogbo abúlé pé mo wà lọ́dọ̀ àbúrò òun, mò ń kàwé, bẹ́ẹ̀ inú yàrá ẹ̀yìn ni mo wà, èmi àti kọ́ọ̀pù mi tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fi mumi. Ara mi yá. Ṣùgbọ́n ta ní máa fẹ́ ọmọ ilé oníkọ́? Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé Keshab wá tọrọ mi, ìyá mi di ọwọ́ mi mú pinpin.

"Bó o bá la ẹnu ẹ, o ti ba tàwọn àbúrò ẹ jẹ́. Tìẹ ti bàjẹ́ ná."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí Ama bá gbọ́. Wọ́n á ní a fi ọmọ tan àwọn jẹ, Keshab á fagi lé ìwé tó kọ fún mi sí Amẹ́ríkà, wọ́n á sì dá mi padà sí Nuwakot. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ aládùúgbò wa, inú ilé bàbá rẹ̀ ló ṣì wà títí dòní, ó ń fún ewúrẹ́ lóúnjẹ.

Ilé ìwòsàn náà kún fọ́fọ́. Àwọn ìyàwó bíi tèmi ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ pupa àti àwọn ìyá ọkọ tó ń ṣọ́ wọn bí ẹni ṣọ́ irè oko. Nọ́ọ̀sì kan pè mí sídìí tábìlì rẹ̀. Ama tẹ̀ lé mi, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí.

"Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí?" nọ́ọ̀sì bi mí.

"Rárá."

"Ikọ́ ife ńkọ́? Ṣé o ti ní in rí?"

Mo gbọ́ bí Ama ṣe mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Rárá," mo ní.

"Ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ti ní in rí?"

Mi ò tíì la ẹnu tí Ama ti fò mọ́ ọn. "Ikọ́ báwo? Ilé wa mọ́ o! Àrùn ọkàn ló pa ọkọ tèmi. Ọkàn ni!"

"Màmá, n ò bi yín nípa ọkọ yín."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kó o mọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì náà wò wọ́n, ó wò mí, ó tẹ̀ síwájú. Irọ́ náà ti jáde lẹ́nu mi bí omi, mi ò sì gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán àyà. Obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ní kí n bọ́ gbogbo ohun tó wà lọ́rùn mi.

"Bọ́ kí ni?" Ama fọwọ́ sí ìbàdí. "Ìlẹ̀kẹ̀ ọkọ ló wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn. Ọkọ ẹ̀ ò kú!"

"Màmá, a kì í ya àyà tòun tìlẹ̀kẹ̀."

"Àtọjọ́ ìgbéyàwó ló ti wà níbẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ mi níbi tó wà ni?"

"Ó dáa. Kó má bọ́ ọ. Ọmọ yín á wà ní Amẹ́ríkà láìséwu, ìyàwó ẹ̀ náà á wà níbí láìséwu. Ẹni tó kàn!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ama gbà, wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Mo tú ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà, mo nà án sí wọn. Wọ́n fà sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. Àṣé mo ti gbàgbé. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, wọn kì í fọwọ́ kan ohun pupa, àgàgà ìlẹ̀kẹ̀ ẹni tọ́kọ rẹ̀ wà láyé. Ní ti àwọn ará ilé wa, ọwọ́ opó kì í kan irú rẹ̀. Wọ́n yíjú sí ọmọbìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Rojina lorúkọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ ẹ wà láyé?"

"Ó wà o, Ama. Ó wà ní Ohio. Ó tiẹ̀ ti yọkùn."

"Kó máa yọ ọ́ lọ. Bá mi di èyí mú, má jẹ́ kó kanlẹ̀."

Rojina gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín. "Didi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ó sọ fún mi. "Mo ti di ọkọ yín mú."

Nínú yàrá náà, mo fi àyà lásán ti pátákó tútù kan. Obìnrin náà ké láti ẹ̀yìn ògiri pé kí n mí sínú, kí n má tíì mí síta. Ìyẹn ò nira fún mi. Mo ronú pé pẹ̀lú ọrùn òfìfo yìí, ó yẹ kí ọkàn mi já, kí n bẹ̀rù fún Keshab. Mi ò rí ẹ̀rù kankan. Otútù nìkan ni mo rí.

Wọ́n ń pe àwọn èèyàn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n pe ẹni tó wà níwájú mi, wọ́n pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Kí n tó gba ìlẹ̀kẹ̀ mi padà, wọ́n ní dókítà ń pè mí, èmi nìkan.

Obìnrin ni dókítà náà, ojú rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ ò le. Ó fi àwòrán àyà mi hàn mí lójú ẹ̀rọ. Ó tọ́ka sí ibì kan lókè tó funfun bí ẹni tú eérú dà.

"Kí lèyí?"

"Mi ò mọ̀, dókítà."

"Àpá ni. Àpá ikọ́ ife. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ ti jẹ́wọ́, ó ku ìwọ."

Mo ń wo ibi funfun náà.

"Gbọ́. Ikọ́ tó ti lọ ò ní kó o má rìnrìn àjò. Irọ́ ló lè dá ẹ dúró. Ṣé o lo oògùn?"

"Mo lò ó," mo ní. "Oṣù mẹ́fà. Mi ò fo ọjọ́ kan."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nìyẹn. Mo dúró kí omijé dé, tàbí kí ilẹ̀ yẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Fáànù ń yí lókè, dókítà ń kọ̀wé. Ó ní kí n lọ wá ẹ̀rí ìtọ́jú mi wá láti ibi tí a ti gba oògùn. Ó ní màá máa wá láàárọ̀ láti tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike, ọjọ́ mẹ́ta léra, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ fún bí oṣù méjì láti wò ó bóyá kòkòrò á hù jáde. Bí kò bá hù, mo lè máa lọ bá ọkọ mi.

"Ta lẹ jọ wá?"

"Ìyá ọkọ mi."

"Wọ́n mọ̀?"

Mo mirí pé rárá.

"Oṣù méjì pọ̀ láti fi pamọ́ fẹ́ni téèyàn ń bá gbélé," dókítà wí.

Nígbà tí mo jáde, Rojina ò sí lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ama nìkan ló jókòó níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ pupa wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn gbalaja, wọ́n nà án síwájú bí ẹni gbé ẹyin.

"Wọ́n pe ọmọ yẹn fún abẹ́rẹ́," wọ́n ní. "Ó jù ú sí mi nítan, ó sáré lọ. Ṣé kí n jẹ́ kó kanlẹ̀ ni? Kí ni dókítà rí?"

Mo jókòó. Ohùn mi jáde bí ohùn ẹni tó ń sọ iye tí iyọ̀ wà lọ́jà. "Ama, mo ti ní ikọ́ ife rí. Ó ti wà kí n tó wọlé yín. Wọ́n rí àpá ẹ̀. Màá dúró oṣù méjì sí i. Ìyá mi ló ní kí n má sọ fún yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá mi padà sílé wa, mo ti gbà."

Ojú mi wà lára ìlẹ̀kẹ̀ náà. Mo rò pé wọ́n á pa ọwọ́ dé lé e, wọ́n á sì jù ú sínú báàgì, ibẹ̀ lá á parí sí.

"O lo oògùn ẹ tán?" wọ́n bi mí.

"Mo lò ó tán."

"Pátápátá?"

"Pátápátá, Ama."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ohùn wọn wálẹ̀ débi pé mo ní láti súnmọ́ wọn. "Bàbá Keshab ò lò ó tán. Nígbà tó rí i pé ikọ́ ti rọlẹ̀, ó ní ojú ń ti òun, òun ò lọ síbi tí wọ́n ti ń pín in mọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń fi eérú fọ kọ́ọ̀pù ẹ̀. Ìta ni kọ́ọ̀pù yẹn ń sùn, lábẹ́ etí òrùlé. Kì í ṣe ọkàn ló pa á."

Mo wò wọ́n.

"Nígbà tá a wá tọrọ ẹ," Ama ní, "ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n nílé yín. Mo ní bí ìyá ẹ bá gbọ́, kò ní fún wa lọ́mọ."

"Ìyá mi náà ń gbọ̀n, Ama."

Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tí kò dùn. "Olè méjì ló pàdé nínú oko kan ṣoṣo. Yí ẹ̀yìn sí mi."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Wọ́n fi èjìká mi yí mi padà, wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà lé mi lọ́rùn.

"Ama, ọwọ́ yín..."

"Ọwọ́ mi ṣe kí ni? Àwọn tó ní kí opó má fọwọ́ kàn án, àwọn náà ló ní kí n pè é ní ọkàn. Dúró jẹ́ẹ́."

Ọwọ́ wọn tutù, ìkọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà sì kọ̀, kò tètè wọlé. Wọ́n ṣì ń bá a jà nígbà tí fóònù dún nínú báàgì. Keshab ni. Ama ló gbé e. Àyà mi ò já, mo kàn ń retí kí wọ́n purọ́, kí wọ́n ní ẹ̀rọ bàjẹ́, nítorí irọ́ la mọ̀ ọ́n pa nílé wa méjèèjì.

"Ama, ṣé ẹ ti ṣe tán? Kí ni wọ́n wí?" Keshab ní, ó hàn lójú fóònù pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó ku oṣù méjì," Ama ní. "Ìyàwó ẹ ti ní ikọ́ ife rí, ó sì lo oògùn ẹ̀ tán. Bàbá ẹ náà ní in, kò lò ó tán. Irọ́ ni mo pa fún ẹ nígbà tí mo ní ọkàn ni. Ó ti tó."

Mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn fìríìjì ṣí lẹ́yìn Keshab ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì tì.

"Ama," ó ní nígbẹ̀yìn, "kọ́ọ̀pù tó ń sùn níta yẹn..."

"Òun náà ni."

"Mo máa ń mú un wọlé. Ẹ máa ń lù mí."

"Mo máa ń lù ẹ́," Ama wí.

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fún mi ní fóònù. Mo gbà á. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè gbogbo: ta ló mọ̀, kí ló dé tí o ò sọ, kí lo tún fi pamọ́. Ó wò mí, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tíì kọ́ tán lọ́rùn mi àti ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi.

"Ṣé o ti jẹun?" ó ní.

Èsì mi ti wà lẹ́nu, bó ṣe ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo la ẹnu, kò jáde.

"Rárá," mo ní. "Mi ò tíì jẹun."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àná."

"Wá nǹkan jẹ," ó ní. "Jókòó síbẹ̀ kó o jẹun. Mi ò ní pa fóònù."

Ìkọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà wọlé. Ama ti ń ké sí obìnrin tó ń ta momo oníẹran gbígbóná lẹ́nu géètì, wọ́n ní kó má fi ata ṣahun. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé ebi ń pa mí.