Èéfín Ẹ̀yìn Ògiri

"Hikmat! Dìde, a ti ń lọ sílé!"

Ọmọ náà ò mira. Zulaihat bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó gbá ọmọ ọdún mẹ́rin náà léjìká mú. Orí Hikmat yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ọrùn ò ní egungun.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Zulaihat fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ̀ fún un. Ó ti tó oṣù kan tí ara rẹ̀ ti ń ṣe báyìí. Bó bá ti jókòó ti máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ fún wákàtí méjì, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ojú á máa ṣe bàìbàì, apá á wúwo. Mikail, ọkọ rẹ̀, ní àìsùn ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wo ikùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó lo oògùn ibà, ó lo ti táífọ́ọ̀dù, kò yàtọ̀. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí ti ìyá òun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ó rẹ̀ mí, Zulai. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti sin ín. Ẹ̀rù yẹn ló ń bá a jí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kò rò pé ó lè kan ọmọ. Ilé ìwé ló gba ìsinmi tó fi mú un dání.

Ó wọ́ Hikmat jáde sí títì. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti Mápó rí wọn, kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè Padre ló forí lé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù wọ́n. Kí wọ́n tó gun òkè tán, Hikmat wúkọ́, ó sì bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Rachel fi ọ́síjìn sí ọmọ nímú, ó wá kọjú sí ìyá.

"Ibo lọmọ yìí wà kó tó dákú?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni, mà."

"Ṣé ara máa ń rẹ ẹ̀yin náà?"

Zulaihat gbá a lọ́wọ́ mú. "Ó ń rẹ̀ mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ohun tó pa màmá mi ni, àbí?"

"Ẹ fara balẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣé ó máa ń rẹ̀ yín bẹ́ẹ̀?"

Ó ronú. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó fọ aṣọ gbogbo ilé wọn ní Bẹyẹrunka, ó sì tún gúnyán. "Rárá, mà."

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà nítòsí yín?"

"Ti Bàbá Nojeem tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Wọ́n jí ti tẹ́lẹ̀ gbé, ló bá gbé tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ògiri mi gan-an. Ó ti tó oṣù kan..."

"Èéfín rẹ̀ ni. A ó ṣì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ṣùgbọ́n ẹ má padà sínú ibẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi Hikmat sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Mikail, Zulaihat àti ọkọ rẹ̀ sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Bàbá Nojeem jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń nu òógùn. Zulaihat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa jẹnẹrétọ̀ yìí."

"Kí ni kí n wá fi gẹrun? Àbí kí n gbé e síta kí olè tún gbé e lọ?"

Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá bẹ̀bẹ̀, ì bá kúrò. Lónìí, kò dìde.

"Ọmọ mi ò jí lánàá, Bàbá. Mo pè é, pè é, kò jí. Èéfín yìí ni. Ṣé orí kì í fọ́ ẹ̀yin náà?"

Bàbá Nojeem dáwọ́ òógùn nínù dúró.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo ti ń sọ fáwọn ọmọ mi ohun tí kálukú máa mú nínú ogún mi. Mo rò pé ọjọ́ ló ti tó."

Ó dìde, ó lọ pa á. Òun àti Mikail sì gbé e síta. Zulaihat ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó fa ìjókòó méjì síta, ó gbé ọ̀kan fún bàbá náà, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń mí.