Ààrò Màmá Fébè

Pósí ti wà láàárín pálọ̀, ṣùgbọ́n Màmá Fébè kò tíì fẹ́ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Etí rẹ̀ ni wọ́n jókòó lé, nínú aṣọ funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ ìkórè, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ìbídùnní, ọmọ wọn obìnrin, dúró tì wọ́n. Ó mọ̀ pé màmá òun ti kú, kò sì yà á lẹ́nu pé wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mọ́tò tí yóò gbé òkú lọ sí ìlú ló ń kó o láyà sókè, nítorí ó ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ọkọ̀ ti dé o."

"Kó máa dúró. N kò tíì mọ ibi tí ọmọ mi sùn sí. Bí ẹ bá gbé mi lọ báyìí, ta ni yóò máa kí i?"

Akínkúnmi ni ọmọ tí wọ́n ń wí, ẹ̀gbọ́n tí Ìbídùnní kò bá láyé. Àwọn òbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ abà tí ilé yìí wà dó, nígbà tí igbó Oǹdó ṣì ṣú dùdù. Bàbá ru irúgbìn kòkó. Màmá pọn ọmọ, wọ́n ki Bíbélì sábẹ́ abíyá, wọ́n sì ru ẹyin iná nínú àpáàdì. Láti ọjọ́ náà, iná wọn kò kú rí. Kí ọdún tó yípo, ibà pa ọmọ, ó sì dá ìyá náà dùbúlẹ̀. Àwọn ọkùnrin sin ọmọ náà, wọn kò sọ ibẹ̀ fún màmá, nítorí àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ìyá mọ ojú oorì ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ara màmá yá, wọ́n bá ààrò tuntun tí bàbá fọwọ́ ara wọn mọ, iná sì ti ń jó níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ ààrò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Láràárọ̀ ni màmá ń lọ kúnlẹ̀ nídìí igi kòkó kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará abà ń yìn wọ́n pé wọ́n ń gbàdúrà kí kòkó so. Kòkó kẹ̀! Ọmọ ni wọ́n ń kí, nídìí igi gbogbo, kí wọ́n má baà fò ó.

Ìbídùnní ṣí ilẹ̀kùn yàrá, oko kòkó ló bá nínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ó kan igi àkọ́kọ́ bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

"Èmi kọ́," ni igi náà wí.

Èkejì ní, "Èmi náà kọ́." Ọ̀kan tó ti gbó bínú sí i: "Ìyá rẹ ti bi mí títí ó fi hu ewú. Ẹ̀yin ò ń gbọ́ èsì ni?"

Nídìí gbogbo wọn ni orúnkún màmá ti dá ihò méjì sílẹ̀, omi òjò sì kún inú wọn. Ìbídùnní bú sẹ́kún. Òun ló ní ìlú ni kí wọ́n sin màmá sí, nítorí ojú ẹgbẹ́ òun, àti nítorí ọ̀nà abà kò dára fún mọ́tò àwọn àlejò.

Ní pálọ̀, pósí wúkọ́. "Ta wá ni kí n gbé?" ló béèrè.

Bàbá rẹ̀, Josáyà, yọ láti ẹ̀yìn igi kan, àdá lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú. Ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu wọn nígbà ayé wọn, ikú kò sì sọ wọ́n di aláròyé. Wọ́n wo omi inú ihò wọ̀nyẹn.

"Ibí tutù jù fún ọmọdé," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọrí sí ilé ìdáná. Ìbídùnní tẹ̀ lé wọn.

Màmá ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń hó lórí iná. Bàbá ṣí fìlà.

"Fébè, ibi tí iná kì í kú sí ni mo tẹ́ ọmọ wa sí."

Màmá wo ààrò. Wọn kò sunkún.

"Gbogbo ọdún yìí, Bàbá Akínkúnmi?"

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ."

"Mo máa ń bú ààrò yìí o, bí èéfín bá ti ta sí mi lójú."

"Kò bínú," ni bàbá wí.

Màmá sọ ìkòkò kúrò lórí iná, wọ́n gbé e lé Ìbídùnní lọ́wọ́. Kò jó o. Wọ́n yẹ ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n wọ inú eérú, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Wọ́n fa eérú àti ẹyin iná bora dé ọrùn.

"Sọ fún àwọn onímọ́tò kí wọ́n máa lọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì dijú.

Ìbídùnní kò tíì sọ nǹkan kan tí àwọn ọkùnrin ìjọ fi gbé pósí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ pé màmá mà wúwo o. Mọ́tò gbé e lọ sí ìlú. Ìbídùnní gbọ́ ọ títí ó fi jìnnà, kò pè wọ́n padà.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wo gbogbo ilẹ̀ ilé ìdáná, kò rí ibi tí yóò sọ ìkòkò náà kalẹ̀ sí. Iná kò sí lábẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ sì ń hó.