Bẹ́ẹ̀dì Tí Káfíńtà Fi Ayùn Là

"Ẹ fi ayùn là á! Bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wa lẹ là sí méjì bí ẹni ń la búrẹ́dì!"

Ìyàwó káfíńtà ló ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, tó di ìdajì bẹ́ẹ̀dì mú. Láti yàrá kejì, níbi tí ọkọ lé òun àti ìdajì ọ̀hún lọ, ló ti wọ́ ọ wá. Ẹsẹ̀ méjì péré ló kù nídìí rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, rọra. Tó o bá yí lójú oorun, pákó á mì. Tí pákó bá mì, aago á ní oorun mi ò pé."

Aago! Látìgbà tí ọkùnrin yìí ti so aago tó ń fún oorun ní máàkì mọ́ ọwọ́ ni àlàáfíà ti kó ẹrù jáde nílé wọn. Ó fòfin de iná, ó fòfin de ikọ́. Bó bá jí, kò ní bi ara rẹ̀ bóyá ó sinmi. Aago ni yóò bi. Bí aago bá ní rárá, á rẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀, á sì máa ṣi pákó wọ̀n.

"Ó dáa, olówó orí mi. Mò ń gbé ìdajì tèmi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa sùn kó pé."

Kò ṣàwàdà. Ọlọ́kọ̀ tó máa kó ẹrù rẹ̀ ti ń fọn fèrè níta.

"Àmọ́ ẹ jẹ́ n rí máàkì tàárọ̀ yìí ná."

Káfíńtà ki ọwọ́ bọ àpò. Ìyàwó fa ọwọ́ náà yọ, ó wo aago. Máàkì ọ̀hún burú ju ti ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì ṣì jẹ́ ọ̀kan lọ.

"Háà! Ta ló wá yí lóru àná?"

Ọkọ wolẹ̀. "Mi ò gbọ́ mímí rẹ mọ́. Mo máa ń dìde wá tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà rẹ, bóyá o ṣì wà."

Ìyàwó gbé ìdajì bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń yọ́ rìn yẹn? Mo rò pé olè ni! Igi ìgbálẹ̀ ni mò ń gbá mọ́ra sùn!"

Ó yọjú sí ọlọ́kọ̀, ó ní kó máa lọ. "Ẹ gbé ìdajì yín wá. Ẹ mú òòlù."

Káfíńtà gbé ìdajì tirẹ̀ wá, ó ju aago sínú àpótí ìṣó. Ìyàwó fi orúnkún ti ìdajì méjèèjì pọ̀.

"Tí mo bá yí lù yín ńkọ́?"

"Màá jí."

"Lẹ́yìn náà?"

"Màá tún sùn."

"Ẹ kàn án!"

Ọkọ gbé òòlù sókè. Gbàgà! Ìṣó wọlé dé orí.